Fìlà Méjì Lára Páálí Àwo

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí mo ṣe di ẹni méjì ní ìlú Banjul, kó kọ́kọ́ mọ̀ pé orí ìkejì mi tóbi ju tèmi lọ.

Ìbejì ni wá. Ojú kan náà, imú kan náà, ẹsẹ̀ kan náà tó ń yẹ̀ sóde díẹ̀ bí a bá ń rìn. Àlejò kì í mọ èwo ni èwo. Ṣùgbọ́n orí tirẹ̀ fi ìwọ̀n ìka kan tóbi ju tèmi lọ, ìyá wa sì mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí òun ló ń gbé iṣẹ́ fìlà wa fún télọ̀. Okùn òwú méjì ló fi kọ́ sára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, ó ta kókó sí ọ̀kọ̀ọ̀kan níbi tí orí oníkálukú wa parí sí. Lọ́dọọdún, bí Iléyá bá ń bọ̀, yóò wọn orí wa, yóò sún kókó síwájú, yóò sì mú okùn méjèèjì lọ sọ́dọ̀ télọ̀. Fìlà ìkejì mi máa ń ní òwú pupa díẹ̀ nínú, kí a má baà ṣì í gbé. Nígbà tí a dàgbà tí orí wa kò tóbi sí i mọ́, okùn náà ṣì wà lára ìṣó. Kódà nígbà tí a ti sọdá òkun, a ṣì ń gba fìlà méjì lọ́dún, ọ̀kan pẹ̀lú òwú pupa.

Àbúrò bàbá wa ló kó wa wá sí Gáńbíà, nígbà tí wọ́n ṣì ń pe Banjul ní Báàtọ́ọ̀sì. Bàbá ni à ń pè é, nítorí bàbá tó bí wa ti jáde láyé. Ó ní ìsọ̀ kan nínú ọjà ńlá tó wà létí omi, ó ń ta abọ́ tánganran, tọ́ọ̀ṣì àti bátìrì. Nígbà tó yá, ó fi giramafóònù àti àwo orin kún un. Lọ́jọ́ tó wá mú wa nílé, ìyá wa kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ní, "Ẹ wò ó, méjì ni mo kó lé yín lọ́wọ́ o." Ó dá a lóhùn pé, "Méjì náà ni mo máa dá padà." Mo wà níbẹ̀, mo gbọ́ ọ. Bí mo bá mọ ohun tí gbólóhùn yẹn yóò fojú wa rí, ǹ bá ti fi ọwọ́ bo Bàbá lẹ́nu.

Dippa Kunda ni ilé wa wà. Láràárọ̀ ni a ń wọ ọkọ̀ gba Old Jeshwang, a óò gun afárá, a óò kọjá níwájú ọgbà ẹ̀wọ̀n Mile Two, kí a tó wọ ìlú. Omi ló yí Banjul ká, ojú ọ̀nà kan ṣoṣo yẹn náà ni a ó sì tún gbà padà nírọ̀lẹ́. Ìkejì mi a máa kọrin nínú ọkọ̀. Bí a bá dé iwájú ọgbà ẹ̀wọ̀n, á dákẹ́ díẹ̀, á ní òun kò fẹ́ kí àwọn tó wà nínú gbọ́ orin kí ó má baà máa wù wọ́n láti jáde. Èmi á ní ohùn rẹ̀ kò ròkè tó bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni mo ń pa. Ohùn rẹ̀ ròkè, ó sì dùn. Èmi ni n kò lóhùn. Bí mo bá kọrin, ewúrẹ́ á kúrò ní àgbàlá. Ọwọ́ ni Ọlọ́run fún èmi. Mo ń kọ pátákó fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù, mo ń ya orí tí wọ́n gẹ̀ dáadáa sára ògiri àwọn onígbàjámọ̀, mo sì ń kọ orúkọ sára ọkọ̀ àwọn apẹja.

Òun àti àwọn mẹ́ta kan ni wọ́n jọ ń ṣeré níbi ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ, Yorùbá díẹ̀, Wòlófù díẹ̀, gìtá méjì. Nígbà tó yá, Bàbá ní kí wọ́n gba ohùn wọn sílẹ̀ nílé iṣẹ́ rédíò. Ó fi téèpù náà rán oníṣòwò kan sí ilé iṣẹ́ kan ní Èkó tó ń tẹ àwo, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n sì kó o ránṣẹ́ sí wa láti tà ní Gáńbíà. Inú ìkejì mi dùn débi pé kò jẹun lọ́jọ́ náà. Ó jókòó sórí ẹní, ó ń wo páálí gbogbo àwo tó wà nílé lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó bi mí pé, "Báwo lo ṣe máa ya tèmi?"

Mo ní, "Màá ya orí rẹ kó kún páálí. Kò ní ṣòro, ó ti tóbi tẹ́lẹ̀."

Ó ju fìlà lù mí. Ó ní, "Rárá. Àwa méjèèjì ni kó wà níwájú. Ta ló máa rí ìbejì kan tí kò ní béèrè ìkejì?"

Mo ní n kò kọ orin kankan níbẹ̀. Ó ní èmi ni mo máa ya páálí, ó ti tó bẹ́ẹ̀. Mo ṣèlérí fún un pé àwa méjèèjì ni yóò wà níwájú.

Lásìkò òjò ọdún yẹn ni ibà mú un. Nílé wa, a kì í sọ pé ìbejì kú. À ń sọ pé ó wá igi lọ, bí ẹni pé yóò padà wálé nígbà tí igi bá tó o. Ìkejì mi wá igi lọ ní ilé ìwòsàn, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, nígbà tí mo lọ ra búrẹ́dì fún un. Nígbà tí mo dé, wọ́n ti fa aṣọ bò ó lójú. Ìbínú ló kọ́kọ́ mú mi kí ẹkún tó dé. Mo bínú sí búrẹ́dì ọwọ́ mi, mo bínú sí ọkùnrin tó tà á fún mi nítorí pé ó bá mi ṣàwàdà. Mo ṣì ń bínú díẹ̀ títí di òní.

Ìsìnkú náà kò lérò. Àwa Yorùbá tó wà nínú ọjà àti àwọn mẹ́ta tó máa ń bá a ṣeré ni. Nígbà tí a ti ibẹ̀ dé, Bàbá bẹ gbogbo wọn pé kí ẹnikẹ́ni má kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé, kí ẹnikẹ́ni tó bá sì ń lọ sílé má gbé e dé etí ìyá wa. A kì í fi lẹ́tà túfọ̀. Àgbà ló ń gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, á jókòó ti ìyá ọmọ, á fi ẹnu sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, àwọn obìnrin ilé á sì ti wà nítòsí láti dì í mú. Bàbá ní òun fúnra òun ni òun máa lọ. Gbogbo wọn ní bẹ́ẹ̀ ló yẹ. Wọ́n pa ẹnu mọ́, wọ́n sì pa á mọ́ gan-an.

Oṣù méjì kò tíì pé nígbà tí ilé iṣẹ́ Èkó kọ̀wé pé àwo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yá, pé àwòrán tí yóò wà lára páálí nìkan ló kù. Bàbá ní kí n ya gìtá kan kí n fi ránṣẹ́. Mo ní rárá. Mo ti ṣèlérí. Ṣùgbọ́n kò sí fọ́tò wa méjèèjì kankan tó dára, àfi ọ̀kan tí a yà ní ọdún tí a dé, tí kòkòrò sì ti jẹ ojú ẹnìkan nínú rẹ̀. Mo wò ó títí, n kò lè sọ ojú ẹni tó jẹ.

Ìgbà náà ni mo rántí ohun tí wọ́n ń ṣe nílé. Láyé àtijọ́, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá lọ, wọn a gbẹ́ ère fún un kí ìyá máa tọ́jú rẹ̀. Ìdílé tiwa kò gbẹ́ ère mọ́ nítorí ẹ̀sìn. Ọ̀dọ̀ onífọ́tò ni wọ́n ń lọ. Èyí tó kù á jókòó ní apá ọ̀tún, wọn á yà á. Á wọ aṣọ ìkejì rẹ̀, á jókòó ní apá òsì, wọn á tún yà á. Onífọ́tò á so wọ́n pọ̀, ìbejì á sì tún pé méjì lára ògiri. Ilé tí irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ wà ní ìlú wa kò lóǹkà. Bí àlejò bá wọlé tó rí i, kì í béèrè ohunkóhun. Á kàn rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bó bá ń kí ìyá ọmọ.

Onífọ́tò tí mo lọ bá ní Banjul jẹ́ bàbá arúgbó kan, ọmọ Akú, láti ọ̀kan nínú àwọn ìdílé àtijọ́ tí baba ńlá wọn ti Sàró wá sí ìlú náà. Èdè wọn kì í ṣe Yorùbá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń kí ènìyàn ní "kúṣẹ́" tí wọ́n sì mọ àkàrà àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ dáadáa. Ó gbọ́ ohun tí mo fẹ́, ó yọ awò ojú rẹ̀.

Ó ní, "Na yu wan go sidɔm na di tu chia?"

Ó fẹ́ mọ̀ bóyá èmi nìkan ni n óò jókòó sórí àga méjèèjì. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí ló dé tí ìkejì mi kò fi bá mi wá. Mo ní ó wá igi lọ. Onífọ́tò náà yọjú sí ìta, ó wo ọ̀nà lápá ọ̀tún, ó wò ó lápá òsì, ó ní kò burú, a lè dúró dè é. Mo wo ilẹ̀. N kò mọ bí n óò ṣe ṣàlàyé ní èdè tèmi, kí á má tíì sọ ti tirẹ̀. Mo ní kó kàn máa yà á.

Ó fi páálí dúdú bo ìdajì ojú kámẹ́rà. Mo jókòó ní ọ̀tún pẹ̀lú fìlà tèmi. Lẹ́yìn náà mo dìde, mo wọ bùbá ìkejì mi, mo gbé gìtá rẹ̀ lé itan, mo sì dé fìlà rẹ̀ tó ní òwú pupa nínú. Fìlà náà já bọ́ dé etí mi. Mo ká ìwé ìròyìn sínú rẹ̀, ó tún bọ́ sílẹ̀. Onífọ́tò ní kí n tì í sẹ́yìn. Mo kọ̀, nítorí ìkejì mi kì í ti fìlà sẹ́yìn, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ló máa ń tẹ̀ ẹ́ sí. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe yà á, pẹ̀lú fìlà tó bo etí.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ṣe páálí náà lórí tábìlì ìdáná ní Dippa Kunda, tí ìyàwó Bàbá ń kùn pé yíńkì mi ń kán sínú àlùbọ́sà òun. Mo gé páálí tó dọ́gba níhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ fọ́tò mọ́ àárín. Àwọ̀ méjì péré ni ilé iṣẹ́ Èkó ní àwọn lè tẹ̀. Mo mú dúdú àti pupa: dúdú fún àwa méjèèjì, pupa fún ẹ̀yìn wa àti fún lẹ́tà. Mo jẹ́ kí lẹ́tà òkè nípọn, mo sì ń mú un tín-ín-rín bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ohùn ìkejì mi máa ń ṣe bí orin bá fẹ́ parí. Mo fi abẹ ha ìlà tó pín àga méjèèjì níyà títí kò fi hàn mọ́. Mo gbìyànjú láti fi ọ̀dà funfun gbé fìlà rẹ̀ kúrò létí díẹ̀. Ó burú jáì, ó dà bí ẹni tí wọ́n fi báńdéèjì dì lórí. Mo fi omi nù ún, mo fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.

Kí n sọ òtítọ́: inú mi dùn ní ọ̀sẹ̀ méjì yẹn. Bí mo bá ti jókòó sídìí tábìlì náà, a wà pọ̀. Mo ń bá a jiyàn lórí lẹ́tà, mo ń sọ fún un pé kó má mira.

Nígbà tí mo gbé e fún Bàbá, ó wò ó pẹ́. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "O ṣeun. O ti mú un padà wá." Èmi náà sunkún. Lọ́jọ́ kejì a dì í, a sì fi rán ẹnìkan tó ń lọ sí Èkó. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Èmi àti Bàbá sunkún, a ò ríran. Oṣù púpọ̀ kọjá kí a tó mọ ohun tí a ṣe.

Àwọn àwo dé nínú àpótí onígi, wọ́n sì ń tà. Orin náà dùn, ṣùgbọ́n páálí ló ń pe ènìyàn wá. Bàbá fi ọ̀kan kọ́ sókè níwájú ìsọ̀. Àwọn ará Banjul á dúró, wọ́n á wo àwọn méjì tó wà lára rẹ̀, wọ́n á wo èmi tó wà nísàlẹ̀. Wọn kò mọ àṣà wa. Lójú tiwọn, ènìyàn méjì ló jókòó fún onífọ́tò, ọ̀kan nínú wọn sì nìyí. Àwọn tó gbọ́ fìrífìrí pé a sìnkú gbà pé èyí tí kò mú gìtá lọ́wọ́ ló lọ.

Bàbá rí i pé ó dùn mọ́ wọn. Ó ní kí n máa dé fìlà olówùú pupa, kí n máa jókòó síwájú pẹ̀lú gìtá. Ó ní, "Má purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ṣáà máa jókòó." Mo jókòó. Gìtá wà lórí itan mi, n kò mọ okùn kan nínú rẹ̀. Wọ́n á ní, "Woyal," ìyẹn ni "kọrin" ní èdè Wòlófù. Mo ní ọ̀fun ń dùn mí.

Oṣù mẹ́jọ ni ọ̀fun náà fi dùn mí. Ìyá kan tó ń ta ẹja gbígbẹ se atalẹ̀ wá fún mi. Ọkùnrin tó ń ta aṣọ lódìkejì fún mi ní oyin. Ẹnìkan ní kí n máa fi omi iyọ̀ fọ ọ̀fun, ẹnìkan ní kí n jìnnà sí iyọ̀. Mo mu gbogbo rẹ̀, mo jẹ gbogbo rẹ̀, nítorí kí ni n óò wí? Kò sí ẹni tí wọ́n tọ́jú ọ̀fun rẹ̀ tó tèmi ní gbogbo etí odò Gáńbíà. Mò ń rẹ́rìn-ín bí mo ti ń kọ èyí, ṣùgbọ́n n kò rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ìkejì mi ni wọ́n ń ṣàánú, èmi ni mò ń mu atalẹ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ tèmi sì kú. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù kò pè mí wá kọ pátákó mọ́; wọ́n ní kò yẹ kí olórin ńlá máa gun àkàbà. Bí mo bá sọ fún wọn pé èmi kọ́ ni olórin náà, wọ́n á béèrè ibi tí ó wà. Bí mo bá sọ ibi tí ó wà, ọ̀rọ̀ á dé ilé kí Bàbá tó dé ibẹ̀. Mo fi ọwọ́ ara mi ṣe ara mi.

Ilé kò sì dákẹ́. Ìyá wa ní ẹnìkan tó ń bá a kọ lẹ́tà, oṣooṣù ni lẹ́tà náà ń bọ̀. Kí ló dé tí òun kò gbúròó ìkejì mi? Ṣé ara rẹ̀ le? Ṣé orin ni kò jẹ́ kó rántí ìyá rẹ̀ mọ́? Bàbá á jókòó tì mí, á ní kí n dáhùn. Mo máa ń fi ọwọ́ ọ̀tún kọ tèmi. Lẹ́yìn náà, mo máa ń fi ọwọ́ òsì kọ ìlà mẹ́ta ní orúkọ tirẹ̀: ara òun le, eré pọ̀, òun ń kí i púpọ̀. Mo mọ bó ṣe máa ń fa ìrù lẹ́tà rẹ̀ gùn ju bó ṣe yẹ lọ, mo sì ń fà á gùn bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ tí Ọlọ́run fún mi, òun ni mo ń fi ṣe iṣẹ́ yìí. Bí mo bá parí, n kì í lè jẹun.

Mo bẹ Bàbá pé kó lọ. Ó ní ó di ìgbà tí òjò bá dáwọ́ dúró. Òjò dáwọ́ dúró. Ó ní ó di ìgbà tí ààwẹ̀ bá parí. Mo ní kó jẹ́ kí èmi máa lọ ṣáájú.

Ó ní, "Tí o bá dá dé, o ti sọ ọ́ nìyẹn. Ìyá rẹ á wo ẹ̀yìn rẹ, kò ní rí ẹnikẹ́ni. Ṣé bó o ṣe fẹ́ kó gbọ́ ọ nìyẹn, lórí ìdúró?"

Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká jọ lọ nígbà náà, Bàbá."

Ó mú kọ́kọ́rọ́ àpótí rẹ̀, níbi tí ìwé ìrìnnà gbogbo wa wà, kúrò lórí fèrèsé, ó sì jù ú sápò. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń bà á. Bàbá kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ṣèlérí méjì, ó ku ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì mọ bí òun yóò ṣe wo ojú ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nítorí náà ó di ọ̀kan tó kù mú, kò fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì kórìíra rẹ̀ síbẹ̀. Bí ọkọ̀ wa bá ń kọjá níwájú Mile Two láràárọ̀, mo máa ń wo ògiri ọgbà ẹ̀wọ̀n náà, mo máa ń rò ó pé ọ̀pọ̀ àwọn tó wà nínú mọ ọjọ́ tí wọn yóò jáde.

Lẹ́yìn ààwẹ̀, oníṣòwò kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó dé yà sí ìsọ̀ wa. Ọmọ ilẹ̀ wa ni, ṣùgbọ́n kò mọ̀ wá rí. Ó rí páálí tó wà lókè, ó ní àwo yìí ń tà ní Èkó náà o, pé ilé iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́ kó púpọ̀ sílẹ̀ fún ọjà ibẹ̀. Ó ní òun rí i ní Ìbàdàn, òun rí i ní Òṣogbo, tí wọ́n fi páálí rẹ̀ kọ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́yìn náà ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó yíjú sí mi. Ó ní, "Ẹ kú àmúmọ́ra. Bí mo ṣe rí fọ́tò yẹn ni mo ti mọ̀. Ta ni kò ní mọ̀?"

Bàbá jókòó sórí àpótí bátìrì. Ọkùnrin náà ra tọ́ọ̀ṣì kan, ó sì lọ.

Ta ni kò ní mọ̀? Gbogbo ilé ní ìlú wa ló mọ irú fọ́tò yẹn. A bẹ gbogbo Yorùbá inú ọjà pé kí wọ́n pa ẹnu mọ́, èmi wá fi dúdú àti pupa kọ ọ́, a sì fi rán Èkó pé kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Gáńbíà nìkan ni ọkàn wa lọ. Nígbà tí àwo sì dé, ó ti pẹ́ tí àwa méjèèjì ti ń wò ó láàárín àwọn tí kò mọ ohun tó jẹ́, títí àwa gan-an kò fi rí i mọ́. Ìjọ̀ngbọ̀n tí Bàbá ń sá fún láti ọdún kan, èmi ti fi ránṣẹ́ ṣáájú rẹ̀, mo sì fi lẹ́tà tó dára kọ ọ́.

Láti ìgbà náà ni lẹ́tà ìyá wa kò ti dé mọ́. Oṣù kan kọjá, ìkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. N kò mọ̀ bóyá ó ti rí i tàbí kò tíì rí i. Mo ṣì ń lọ jókòó síwájú ìsọ̀, wọ́n ṣì ń bi mí nípa ọ̀fun mi.

Iléyá ku ọ̀sẹ̀ kan nígbà tí ẹrù dé. Bàbá gbé e wá sílé fúnra rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì ìdáná tí mo ti ya páálí, kò lè tú u. Èmi ni mo tú u. Fìlà méjì ló wà nínú rẹ̀, aláró, bíi ti ọdọọdún, pẹ̀lú ìwé pélébé kan. Mo kà á sókè fún Bàbá: "Mo rí fọ́tò yín lára páálí àwo. Ẹni tó ṣe é kú iṣẹ́. Mo fi fìlà Iléyá yín ránṣẹ́. Bí ọ̀kan kò bá gba orí ẹnikẹ́ni nínú yín, kí ó kọ̀wé sí mi, kí n fi òmíràn ránṣẹ́."

Bàbá mí kanlẹ̀. Ó ní, "Kò mọ̀. Ó rí i, kò mọ̀. Ọlọ́run ṣeun."

Mo dé fìlà àkọ́kọ́. Ó bá mi mu. Mo yí ìkejì padà, mo wá òwú pupa nínú rẹ̀, kò sí. Mo dé e. Mo ń retí kó já bọ́ dé etí mi bí fìlà ìkejì mi ṣe máa ń ṣe. Kò bọ́. Ó dúró síbi tó yẹ kó dúró lórí mi.

Okùn kan ṣoṣo ni ìyá wa mú lọ sọ́dọ̀ télọ̀ lọ́dún yẹn, tèmi. Ó ti rí fìlà tó bo etí lára páálí àwo. Kò sí bí kò ṣe ní rí i, òun tó fi ogún ọdún wọn orí wa. Ó mọ̀, ṣùgbọ́n ó fẹ́ fún ìkejì mi ní àyè kan sí i. Bó bá wà láyé, fìlà yẹn kò ní gba orí rẹ̀, á sì kọ̀wé.

Mo sọ ọ́ fún Bàbá bó ṣe yé mi. Ó gba fìlà méjèèjì, ó tẹ́ ọ̀kan lé èkejì, wọ́n dọ́gba. Ó ń yí wọn lọ́wọ́ títí ìyàwó rẹ̀ fi yọjú wò wá tó sì padà. Lẹ́yìn náà ó fa ìwé àti kálàmù síwájú mi.

Ó ní, "Kọ ọ́ pé ọ̀kan kò gba ìkejì rẹ lórí. Kó rán òmíràn. Lẹ́yìn Iléyá, mo búra, mo máa lọ."

Mo fi ọwọ́ òsì mú kálàmù. Kò ní ṣòro rárá. Mo mọ ohun tí ìkejì mi ì bá kọ gan-an: pé ìyá wa ti gbàgbé pé orí tòun ló gbé ọgbọ́n àwa méjèèjì. Ó ti wà lẹ́nu kálàmù. Bí mo bá kọ ọ́, ìyá wa á rẹ́rìn-ín nínú ilé rẹ̀, á sọ okùn kejì kalẹ̀ lára ìṣó, á gbé e lọ fún télọ̀. Fìlà ńlá kan á dé. Èmi á dé e, á bo etí mi, n óò sì padà lọ jókòó síwájú ìsọ̀.

Mo gbé kálàmù sí ọwọ́ ọ̀tún. Mo kọ ọ́ pé: "Ìyá, fìlà ti dé. Méjèèjì bá mi mu."

Bàbá dúró lẹ́yìn mi, ó kà á. Mo rò pé yóò fà á ya. Ó na ọwọ́ sápò, ó lọ ṣí àpótí rẹ̀, ó sì yọ ìwé ìrìnnà méjì jáde: tèmi, àti tòun fúnra rẹ̀.